Àyè Tó Tó fún Ẹṣin Kékeré àti Kẹ̀kẹ́ Rẹ̀

  Ọ̀rọ̀ ẹṣin ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ kì í ṣe ẹṣin tí púpọ̀ nínú wa mọ̀. Ẹṣin kékeré ni, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní miniature horse. Ìbéèrè tí a ó jọ yẹ̀ wò ni pé: ẹni tó ní irú ẹṣin yìí nílé, tó sì fẹ́ kó máa fa kẹ̀kẹ́, báwo ni yóò ṣe rí àyè tó tó, tí kò sì léwu?

Báwo ni ẹṣin náà ṣe kéré tó? Ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ American Miniature Horse Association. Ọdún 1978 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Òfin wọn ni pé ẹṣin tó bá ga ju ínǹṣì 34 lọ kì í ṣe ara wọn. Ẹgbẹ́ mìíràn, American Miniature Horse Registry, gbà á dé ínǹṣì 38. Ibi tí irun ọrùn parí sí, lókè èjìká, ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, wọn kì í ka orí mọ́ ọn. Bí àgbàlagbà bá dúró tì í, ẹ̀yìn ẹṣin náà kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ìbàdí onítọ̀hún lọ.

Àwa Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí ẹṣin. Ẹni tó bá ti lọ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde rí, ó ti rí bí àwọn ìdílé balógun ṣe ń gun ẹṣin pẹ̀lú ẹ̀yẹ. Ọ̀yọ́ àtijọ́ pẹ̀lú, ẹṣin wà lára ohun tó fi jagun tó fi gba ilẹ̀ lọ rẹrẹ. Ṣùgbọ́n gígùn la mọ̀ jù. Ẹṣin kékeré yìí kò ṣeé gùn fún àgbà. Ọmọdé kékeré nìkan ló lè gùn ún tí kò ní pa á lára. Kí wá ni àgbà lè fi ṣe? Kẹ̀kẹ́ ni. Kẹ̀kẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tó gba ẹnì kan tàbí ẹni méjì, ni wọ́n ń so mọ́ ọn. Ẹṣin á máa lọ níwájú, ẹni tó ń wà á á jókòó lẹ́yìn, okùn ìjánu á wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má rò pé ohun ìṣeré lásán ni. Ẹṣin kúkurú lágbára. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, àwọn ẹṣin kúkurú láti erékùṣù Shetland wà lára àwọn tó ń fa ọmọlanke èédú nínú ihò ìwakùsà. Wọ́n tún wá pọ̀ sí i níbẹ̀ lẹ́yìn òfin ọdún 1842, tó kọ̀ fún obìnrin àti ọmọdé kéékèèké láti máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Shetland yẹn wà lára ọ̀pọ̀ ẹṣin kékeré òde òní.

Nítorí pé ó kéré, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àyè kékeré náà ni yóò tó o. Wọ́n á wo ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á ní, "Ẹran tí kò ga ju ajá ńlá lọ, kí ló tún fẹ́?" Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ ká dúró díẹ̀. Tí a bá so kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn, láti imú ẹṣin dé ẹ̀yìn táyà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́ta. Ohun tó gùn tó mítà mẹ́ta kò lè yí po níbi tí ajá ti ń yí po. Àti pé, ọkàn tó wà láyà ẹṣin kékeré, ọkàn ẹṣin náà ni.

Kí wá ni àyè tó tó? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, kí n sì tún un sọ kó lè wọ̀ wá létí. Àyè tó tó ni àyè tí ẹṣin lè ṣàṣìṣe níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní farapa. Mo tún un sọ o: àyè tí ẹṣin lè ṣàṣìṣe níbẹ̀, tí ẹni tó ń wà á náà lè ṣàṣìṣe níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní farapa. Kí a tó béèrè bóyá ilẹ̀ náà tó éékà kan tàbí méjì, ìbéèrè yẹn ni kó ṣáájú.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ àṣìṣe? Ẹ̀rù ni. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ẹranko búburú ti ń dọdẹ ẹṣin. Bí nǹkan bá dẹ́rù bà á, kì í dúró wádìí. Eré ló ń sá. Ẹṣin tó wà ní òmìnira á sáré díẹ̀, á yíjú padà, á wo ohun tó ń sá fún. Èyí tó wà nínú kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Bó ti ń sáré ni ohun tó ń hó lẹ́yìn rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé e, kò sì ní jábọ́. Ẹ̀rù á máa bí ẹ̀rù. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń wà á fi gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ gbọọrọ níwájú tí yóò fi dá a dúró, àti ọgbà tó yí wọn ká, kí ẹṣin tó ń sá má baà bọ́ sí títì ọlọ́kọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ìwọ̀n díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ẹ ń retí rẹ̀. Pápá tí wọ́n ń lò fún ìdíje kẹ̀kẹ́ ẹṣin sábà máa ń gùn tó ọgọ́rùn-ún mítà, ó sì fẹ̀ tó ogójì mítà. Ṣé kí èyí wá mú ọkàn wa pami? Rárá o. Ti ìdíje nìyẹn. Ní tèmi, ẹni tó bá ní ilẹ̀ títẹ́ tó gùn ní ogójì mítà, tó fẹ̀ ní ogún mítà, tí ọgbà yí i ká, lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹṣin kékeré, kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n máa sáré pẹ̀lẹ́. Kó má ṣe retí eré líle níbẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Àwa ní agbo róbótó tí a fi ń kọ́ ẹṣin, ṣé kò tó?" Agbo náà dára gan-an fún ẹ̀kọ́ tí ẹ ó fi ẹsẹ̀ rìn kọ́ ọ. Tó bá ti kan kẹ̀kẹ́, kò dára. Ẹ wo bí kẹ̀kẹ́ ṣe rí. Ọ̀pá méjì ló yọ síwájú lára rẹ̀, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, ẹṣin wà láàárín wọn. Bí ẹṣin bá ń lọ tààrà, ọ̀pá kì í dà á láàmú. Bó bá fẹ́ yà, ọ̀pá á ti èjìká rẹ̀; ó gbọ́dọ̀ ti ọ̀pá yẹn pa dà, kó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sọdá ara wọn, kó tó lè yí. Ẹṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ó bá wá wà nínú agbo tó ń yí po láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀pá ò ní yé tì í. Á máa rò pé wọ́n ń fìyà jẹ òun, láìpẹ́ yóò kọ iṣẹ́. Nítorí náà, ọ̀nà tó lọ tààrà tó sì gùn ṣe é láǹfààní ju ibi tó fẹ̀ ṣùgbọ́n tó kúrú.

Níbi tí a dé yìí, ẹnì kan lè sọ pé, "Ilẹ̀ wa ò tó ìyẹn o, ṣé ká ta ẹṣin ni?" Ẹ má tíì tà á. Apá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ ẹṣin kò nílò kẹ̀kẹ́. Ẹ wọ ìjánu fún un, ẹ mú okùn gígùn méjì, kí ẹ sì máa fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, níbi tí ìpá rẹ̀ ò ti lè bà yín. Ẹ lè gba ẹ̀gbẹ́ ilé, ẹ lè yí igi po, ẹ lè kọjá lára àgbá omi àti mọ́tò tó dúró. Níbẹ̀ ni yóò ti kọ́ láti dúró nígbà tí ẹ bá ní kó dúró, kó sì dúró jẹ́ẹ́ láìjanpata. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣe é. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kejì máa wọ́ igi tàbí táyà àtijọ́ kiri nítòsí rẹ̀ kí etí rẹ̀ lè mọ ariwo ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìgbà tí kò bá ta á létí mọ́ ni kí kẹ̀kẹ́ tó dé. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. A kì í mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ sí Ọ̀jọ́ta ní Èkó. Pápá ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Ó wá ku ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ẹṣin tó dé ibẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn ín. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí ni ẹ ń wá? Ẹ ń wá wáyà ẹlẹ́gùn-ún, nítorí ẹṣin tó bá sáré wọ inú rẹ̀ lè ya ara rẹ̀ yánnayànna. Ẹ ń wá okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, tó ga tó ọrùn ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́. Ẹ ń wá ẹ̀ka igi tó rọ̀ wálẹ̀. Ẹ̀yin tó ń rìn kọjá lábẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìronú. Ẹni tó di okùn ìjánu mú ò ní ráyè bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ibi tí ṣọ́kàwéè wà, kí táyà má gorí ìdérí rẹ̀. Ẹ wo ihò tí òkété tàbí ẹranko mìíràn gbẹ́ sínú koríko.

Ẹ wo ìdagẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, kí n sì dúró díẹ̀ níbẹ̀ nítorí pé àwọn èèyàn kì í kà á sí. Bí ilẹ̀ bá dagẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ níwájú, kẹ̀kẹ́ á máa ti ẹṣin láti ẹ̀yìn. Awọ kan wà tó ń gba ìdí ẹṣin kọjá tó fi ń dá kẹ̀kẹ́ náà dúró. Ẹ má so kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn láìsí awọ yẹn níbi tí ilẹ̀ bá ti dagẹ̀rẹ̀. Ìdagẹ̀rẹ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ tún burú ju èyí lọ. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè dojú dé tí táyà kan bá gun kùkùté tàbí tó bọ́ sí kòtò lásìkò tí ẹṣin ń yà pẹ̀lú eré. Ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni kí ẹ ti máa yà, kí ẹ sì rọra yà.

Ilẹ̀ wo ló dára jù? Koríko tí wọ́n gé kúrú, tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ le díẹ̀, ni mo fẹ́ràn jù. Yanrìn tó jìn máa ń mú kẹ̀kẹ́ wúwo. Ẹṣin tó fa kẹ̀kẹ́ kan náà láìlàágùn lórí ọ̀dà á máa mí hẹlẹhẹlẹ níbẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ máa ń gún pátákò ẹsẹ̀ ẹṣin tí kò ní bàtà. Ilẹ̀ tí òjò ti rọ̀ sí máa ń yọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọgbọ́n kan tó wù mí gan-an fún ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Dípò kí ẹ máa wá pápá, ẹ gé ọ̀nà. Ẹ fi ẹ̀rọ ìgékoríko gé ọ̀nà kan yí pápá ìjẹko po, kó jìnnà sí ọgbà díẹ̀, kó fẹ̀ tó kẹ̀kẹ́ méjì. Ẹ má jẹ́ kí igun rẹ̀ mú. Ẹ jẹ́ kó rọra yí. Lẹ́yìn náà, ẹ gé òmíràn tó la àárín pápá kọjá láti igun kan dé ìkejì, kí ẹṣin lè yí ọwọ́ padà, kí ó má baà máa lọ sí apá kan ṣoṣo. Éékà kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó mítà 64. Tí ẹ bá yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ ti sún mọ́ kìlómítà kan. Lórí éékà kan ṣoṣo! Iṣẹ́ yìí tún ṣe ẹṣin náà lóore, nítorí ẹṣin kékeré máa ń tètè sanra, ọ̀rá àti koríko tútù tó pọ̀ jù sì lè fa àìsàn pátákò tó ń mú kó máa tiro, tó tilẹ̀ lè pa á.

Ẹnu ọ̀nà ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà tí èèyàn ń gbà wọlé ò tó kẹ̀kẹ́. Táyà ò gbọdọ̀ kan òpó, nítorí tí táyà bá ti kọ́ òpó, ẹṣin á gbìyànjú láti fà á já, ibẹ̀ ni wàhálà á ti ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀ tó mítà mẹ́ta ó kéré tán. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹnu ọ̀nà tó já sí títì gbọ́dọ̀ wà ní títì pa kí ẹ tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́. Kí ajá wà nínú ilé. Kí àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù dúró sẹ́yìn ọgbà.

Bákan náà, ẹ wá ibi pàtó tí ẹ ó ti máa so kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn, níbi tí ẹṣin ti dojú kọ ògiri tàbí ọgbà, kó má baà rí ọ̀nà sá níwájú. Kí ẹnì kan dúró níwájú rẹ̀. Okùn ìjánu ni kó kọ́kọ́ wà lára rẹ̀, kí kẹ̀kẹ́ tó wá. Ẹ fa kẹ̀kẹ́ wá bá ẹṣin, ẹ má ti ẹṣin sẹ́yìn wọ inú kẹ̀kẹ́. Okùn tó fi ń fà á ni kí ẹ kọ́kọ́ so, kí awọ ìdí tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá parí iṣẹ́, ẹ tú awọ ìdí ṣáájú, kí okùn tó fi ń fà á tẹ̀ lé e.

Ẹ wá fetí sí èyí dáadáa. Ẹ má ṣe bọ́ ìjánu kúrò lórí ẹṣin nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Mo tún un sọ: ẹ má ṣe bọ́ ọ, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó, bó ti wù kó jẹ́jẹ́ tó. Kí nìdí? Ojú ẹṣin wà ní ẹ̀gbẹ́ orí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí gbogbo àyíká rẹ̀ láìyíjú. Lára ìjánu kẹ̀kẹ́, awọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú méjèèjì tí kì í jẹ́ kó rí ohun tó wà lẹ́yìn. Iṣẹ́ ti parí, ó ń làágùn, ó ń fi orí ha ara yín, ẹ sì ń ṣàánú rẹ̀, ẹ wá bọ́ ìjánu kúrò kí ara lè tù ú. Lójijì, ó rí ohun ńlá ẹlẹ́sẹ̀ róbótó tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ó fò, kẹ̀kẹ́ fò tẹ̀ lé e. Kò sí irin lẹ́nu rẹ̀, kò sí okùn tí ẹ lè fà. Kò sí pápá tó fẹ̀ tó fún irú èyí.

Bí ilé ò bá wá gba ìrìn mọ́, tí ẹṣin ti mọṣẹ́, ṣé ká bọ́ sí títì? Ọ̀rọ̀ títì gba sùúrù. Ẹṣin náà kúrú, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ rẹlẹ̀, awakọ̀ tó jókòó sókè nínú ọkọ̀ ńlá lè má tètè rí yín. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ ọsàn, tó ní pupa létí, ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń rọra lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé òfin ìrìnnà wọn, látọdún 2022, sọ fún awakọ̀ pé tó bá fẹ́ kọjá lára ẹlẹ́ṣin tàbí kẹ̀kẹ́ ẹṣin, kí eré rẹ̀ má tó máìlì mẹ́wàá ní wákàtí, kó sì fi àyè mítà méjì sílẹ̀ ó kéré tán. Ẹ̀yin tó wà níbẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún ohun kan o: ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní bridleway, ẹni tó gun ẹṣin ló wà fún, òfin ò yọ̀ǹda kẹ̀kẹ́ ẹṣin níbẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ restricted byway ni kẹ̀kẹ́ ẹṣin lè gbà.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ibi tí mọ́tò ò dé ni ẹ fẹ́, irú rẹ̀ wà. Ní erékùṣù kan ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, olówó ńlá nì, John D. Rockefeller Kékeré, bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní 1913, ó sì ń bá a lọ títí di 1940. Kò fẹ́ kí mọ́tò tọ̀ ọ́. Òkúta fífọ́ ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, wọ́n sì mọ afárá olókùúta sí ibi tó yẹ. Púpọ̀ nínú ọ̀nà náà wà nínú ọgbà ìjọba tó ń jẹ́ Acadia báyìí, mọ́tò kò sì gbọdọ̀ gbà á títí dòní. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí rẹ̀, pé ẹnì kan ronú nípa àyè ẹṣin lásìkò tí gbogbo ayé ń sáré lọ ra mọ́tò.

Kò pọn dandan kí ẹ rìnrìn àjò dé Maine o. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó wà nítòsí bóyá ẹ lè máa gba etí oko rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ẹ béèrè ní pápá àfihàn ẹran ọ̀sìn, nítorí ọ̀pọ̀ oṣù ló máa ń ṣófo. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ máa ń ṣófo láàárín ọ̀sẹ̀. Kí ẹ gba àṣẹ, kí ẹ kó ìgbẹ́ ẹṣin yín kúrò kí ẹ tó lọ, wọn á sì tún gbà yín lọ́jọ́ mìíràn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹgbẹ́ awakẹ̀kẹ́ ẹṣin láti 1957, British Driving Society. Amẹ́ríkà náà ní tirẹ̀, American Driving Society. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló mọ ibi tí àyè wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí kò tíì ra ẹṣin ńkọ́, tó kàn ń gbèrò rẹ̀? Kó kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, kó béèrè bóyá òfin gba ẹṣin níbi tó ń gbé, àti iye ilẹ̀ tí wọ́n ní kó ní. Kó rántí pé ẹṣin kì í fẹ́ dá gbé. Kó ka àyè ẹṣin kejì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, kó mú okùn ìwọnlẹ̀, kó wọn ilẹ̀ náà, kó sì yọ ibi tí ilé, igi, ṣọ́kàwéè àti ìdagẹ̀rẹ̀ gbà kúrò. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni ti ẹṣin.